Ológeere

Nígbà tí ohun àjèjì bá wọ ilẹ̀ Yorùbá, àwọn èèyàn wa kì í sábà béèrè orúkọ tí ẹni tí ó rọ ọ́ sọ ọ́. Ìró tí ó ń dún, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, tàbí ìrìn tí ó ń rìn ni wọ́n máa ń wò. Alùpùpù ń lu pùpù kiri ìgboro, ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù kérò, a fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ya orúkọ Okada Air, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, a sì sọ ọ́ di ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gba orúkọ Márúwá lára Buba Marwa, ológun tí ó ṣe àkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, èyí tí ó wù mí jù lọ ni orúkọ tí àwọn baba wa sọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n pè é ní kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Omi a máa ṣàn geere. Ọ̀rọ̀ a máa yọ̀ geere lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tí ó bá ń lọ geere, kò sí ẹni tí ń tì í, kò sí ẹni tí ń fà á, kò sì mí gúlegúle. Níbo wá ni geere yìí ń gbé lára kẹ̀kẹ́? Kì í gbé lára pẹ́dàlì, nítorí iṣẹ́ ni pẹ́dàlì. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ gun òkè rí mọ̀ pé kò sí geere níbẹ̀. Kì í gbé lára táyà, nítorí ọmọlanke náà ní táyà, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ológeere. Inú irin róbótó kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ó ń gbé, irin tí ó ní eyín yíká, tí a dè mọ́ họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn, tí ṣéènì ń gbà kọjá. Fíríwìlì ni àwọn alátùn-únṣe ń pè é. Òun ni ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sì máa lọ. Èrò tèmi ni pé fíríwìlì ni àwọn baba wa fi sọ gbogbo kẹ̀kẹ́ lórúkọ, mo sì dúró lé e.

Kẹ̀kẹ́ kò fi ìgbà gbogbo ní in. Nígbà tí John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1885, pẹ́dàlì àti táyà ẹ̀yìn dà bí ìbejì tí a so pọ̀: bí ọ̀kan bá ń yí, èkejì gbọ́dọ̀ yí. Bí ẹni tí ó gùn ún bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àfi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa sáré tẹ̀lé pẹ́dàlì, tàbí kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí rẹ̀ kí ó sì máa gbàdúrà. William Van Anden, ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú fíríwìlì kan láti 1869, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 1900 kí ó tó di ohun tí ó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ tí ó wá di ti tíṣà, ti ajíhìnrere, ti wolé-wolé àti ti oníṣòwò lọ́dọ̀ wa ti ní fíríwìlì lára kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Bí ó bá jẹ́ pé irú ti Starley ni ó gbilẹ̀ láàárín wa, ó dá mi lójú pé orúkọ mìíràn ni à bá máa pè é, orúkọ tí làálàá yóò wà nínú rẹ̀.

Ìjẹ̀bú ní ìdí tirẹ̀ tí ó fi fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn là láti Èkó, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ni ó gbà lọ; kò ya Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà omi ni tiwa. Ẹrù yóò ti Ìjẹ̀bú-Òde sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀jìnrìn tàbí Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé e dé Èkó. Láàárín oko àti ọjà, orí àti ọrùn ọmọ ènìyàn ni ó ń ru ú kí mọ́tò tó pọ̀. Àárín yìí ni kẹ̀kẹ́ bọ́ sí. Ó gbé epo, ó gbé obì, ó gbé ẹmu, ó gbé ìyàwó tuntun, ìjọba ìbílẹ̀ sì tètè rí i pé nǹkan ń bẹ nídìí rẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá gba láísẹ́ǹsì. A tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe apá kan lára rẹ̀ fúnra wa: Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá (1902–1995), ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà, táyà àti tíúbù kẹ̀kẹ́ sì wà lára ohun tí iléeṣẹ́ ìdílé Odùtọ́lá ṣe. Rọ́bà ń bẹ nínú igbó wa. Ṣùgbọ́n fíríwìlì ń fẹ́ irin tí a fi iná mú le débi pé fáìlì kò ní ràn án, èyí tí mo sì rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú láti kékeré, òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ ti wá: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà kan, Íńdíà àti Ṣáínà nísinsìnyí.

Ẹlẹ́mu kan ń gbé ẹmu wá sí àdúgbò wa láti abúlé kan ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni ó máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lítà 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni gbé odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan ni. Ẹmu kò sì ní sùúrù bíi ti sìmẹ́ǹtì. Láti ìgbà tí ó ti kúrò lórí ọ̀pẹ ni ó ti ń kan díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó dùn ní òwúrọ̀ lè má ṣeé gbé síwájú obìnrin àti àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá yọnu ní agogo mẹ́jọ, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 2022, ọkùnrin yìí ra fíríwìlì tuntun nínú ọjà. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Yóò dìde dúró lórí pẹ́dàlì láti fi gun òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì rì lójijì bí ẹni tẹ pákó tí ó ti jẹrà. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, kẹ́ẹ̀gì kan fọ́ sójú títì, eékún rẹ̀ sì bó dé ibi funfun. Mo bá a lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn, ẹni tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí ó mọ bàbá tí ó bí mi. Títí di òní, “Ọmọ Tíṣà” ni ó ń pè mí. Oyè dókítà kò wọ ibẹ̀.

Bàbá kò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó yí pẹ́dàlì padà sẹ́yìn, ó sì tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Ọmọ Tíṣà, wá gbọ́ nǹkan.” Mo gbọ́ ìró kan tí ó ṣú, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ mìíràn tí ó gbára lé ògiri, ó yí tiyẹn náà. Èyí dún ta-ta-ta-ta, ó mọ́ gaara. “Èyí ń sọ̀rọ̀,” ó wí. “Tirẹ̀ ń kùn.”

Bí ó ṣe tú u wò jẹ́ ohun tí ó yẹ kí n sọ ní kíkún, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń ba fíríwìlì jẹ́ níbẹ̀. Irin náà ní ọmọrí pẹlẹbẹ níwájú, ihò kékeré méjì sì wà lára ọmọrí yìí. Bàbá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí ojú ihò kan, ó sì fi òòlù gbá a jẹ́jẹ́ sí apá ọ̀tún. Gbogbo ohun tí ayé ń tú sí òsì, ọ̀tún ni ọmọrí fíríwìlì ń tú sí. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa gbá a títí ihò yóò fi ya, ọmọrí kò sì ní mira, nítorí ńṣe ni ó ń fún un le. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ nìkan kò tó níbí, àfi kí èèyàn mọ apá ibi tí ó kọjú sí. Abẹ́ rẹ̀ ni ó gbé abọ́ tánganran sí kí ó tó ṣí i pátápátá. Bí ọmọrí ti kúrò, àwọn irin róbótó wẹ́wẹ́ bí hóró ọkà bàbà dà sínú abọ́ náà, wọ́n sì ń dún ṣẹẹrẹ. Bí ọ̀kan bá sọnù sínú iyanrìn, fíríwìlì yóò máa mì bí eyín àgbàlagbà.

Ohun tí ó kù ni ìkókó ọ̀rọ̀ náà. Irin inú ni a dè mọ́ họ́ọ̀bù. Ahọ́n irin kékeré méjì sì wà lára rẹ̀, sípíríǹgì tín-ín-rín bí irun ni ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dìde. Irin òde, èyí tí ṣéènì ń fà, ní eyín mìíràn nínú ikùn rẹ̀ tí a kì í rí láti ìta. Bí a bá tẹ pẹ́dàlì, eyín inú yìí yóò ti ahọ́n, ahọ́n yóò kọ́ ọ, táyà yóò sì yí. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, táyà ń bá eré tirẹ̀ lọ, ahọ́n yóò wólẹ̀ fún eyín kọ̀ọ̀kan, yóò tún dìde, yóò tún wólẹ̀. Ìró ta-ta-ta tí à ń gbọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ni fíríwìlì ń ṣe: kí ó yọ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó yọ̀, kí ó sì mú nígbà tí ó yẹ kí ó mú. Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn baba wa fi sọ kẹ̀kẹ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n èkejì ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Ìṣòro ẹlẹ́mu hàn kedere. Ẹnì kan ti fi gíríìsì kún inú fíríwìlì náà bámúbámú, bóyá ẹni tí ó tà á, bóyá ẹni tí ó dè é. Eruku pupa ọ̀nà oko ti pò mọ́ gíríìsì náà, ó ti di amọ̀, ahọ́n méjèèjì sì sùn sínú rẹ̀, wọn kò lè dìde mọ́. Bàbá binu gidi. Ó ní gíríìsì, béárìn táyà ni ó ni í. Òróró fẹ́lẹ́ ni ti fíríwìlì, irú èyí tí télọ̀ ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù gbo ó, ó nù ún, ó sá a sóòrùn, ó sì kán òróró sí i ní ìwọ̀nba. Ó tò ó padà, ó yí i. Ó ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn, nítorí ẹnu ahọ́n kan ti di róbótó. “Irin rẹ̀ rọ̀,” ó wí fún ẹlẹ́mu. “Yóò mú fún ẹni tí kò gbé nǹkan. Ìwọ, yóò tún gbé ọ ṣubú.”

N kò lè má ya bàrá díẹ̀ níbí, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Fíríwìlì, ṣéènì, pẹ́dàlì, sípánà, gíríìsì: gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ tí Bàbá lò ni a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan yóò gbọ́ èyí, wọn yóò sì sọ pé Yorùbá kò ní èdè fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ná. Ó mú, kò mú, ó ń yọ̀, ó ń kùn, ó fún, ó rọ̀, ó sùn. Kò sí ẹyọ kan tí a yá níbẹ̀, inú wọn sì ni ìmọ̀ wà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ṣe iṣẹ́ ribiribi. Láìsí wọn, ì bá ṣòro fún wa láti fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ Yorùbá ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwa tí a tẹ̀lé wọn ti sọ iṣẹ́ náà di ọdẹ ọ̀rọ̀-orúkọ. A ń jókòó yí tábìlì ká, a ń wá orúkọ tí a ó fi rọ́pò fíríwìlì, kò sì sí ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn bàbá wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹ tilẹ̀ wo “yọ̀” nìkan. Tí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí ó ń yọ̀, oríkì rẹ̀ ni. Tí ó bá ń gun òkè tí ó ń yọ̀, àbùkù rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń yìn ín tí a fi ń bú u, ẹlẹ́mu tí kò kàwé kò sì ṣi í gbọ́ rí.

Ó wá ku bí a ó ti yan òmíràn. Bàbá ní àpótí kan tí tuntun àti àlòkù kún inú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n jókòó tì í bí ó ti ń ṣà wọ́n. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kò fi agbára yí ọ̀kankan. Ó ní fíríwìlì tí a bá fi agbára yí, gbogbo wọn ni ó máa ń dún dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ó máa gbọ́ bí ahọ́n ti ń ṣubú sínú eyín, kí ó sì mọ̀ bóyá ọ̀kan ń lọ́ra ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà, ó di irin inú mú, ó mi irin òde. Kí ó mira díẹ̀ kò burú. Gbogbo wọn ni ó ń mira. Bí ó bá ń mì jọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi fáìlì kan eyín òde: bí fáìlì bá yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, irin náà le; bí ó bá jẹ ẹ́, tánńganran lásán ni. Ó wo ìrísí eyín, nítorí eyín àlòkù a máa tẹ̀ bí ìwọ̀, ṣéènì kò sì ní jókòó sórí rẹ̀. Ní ìparí, ó fi ọwọ́ lásán dè é mọ́ tíréèdì họ́ọ̀bù. Ó ní bí kò bá wọlé yípo mẹ́ta láìsí sípánà, kí a má ṣe fi sípánà pá a láyà.

Ó tún fi irin ìdíwọ̀n wọn ṣéènì ẹlẹ́mu. Oríkèé ṣéènì 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 12 géérégé. Tirẹ̀ ti fà kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ṣéènì tuntun di ọ̀ranyàn, àìṣe bẹ́ẹ̀ yóò jẹ eyín tuntun run. Ọ̀rọ̀ iye eyín ni ó wá kù. Fíríwìlì rẹ̀ jẹ́ eléyín 18, jíà iwájú sì jẹ́ eléyín 46. Táyà oníǹṣì 28 ni kẹ̀kẹ́ náà ń lò, nítorí náà bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ yóò lọ tó mítà 5.7. Ìyẹn dára fún tíṣà tí ń lọ sí ìpàdé. Bí a bá fi eléyín 20 sí i, yóò di mítà 5.1, eléyín 22, mítà 4.7. Ẹsẹ̀ yóò yí púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òkè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e. Èmi ni mo fi bírò ṣírò èyí sí ẹ̀yìn ìwé kan. Bàbá kò wo ìwé náà rárá. “Ogún,” ó wí. “Méjìlélógún yóò pẹ́ kó tó délé, ẹmu á kan.”

Ẹlòmíràn a máa fẹ́ nǹkan mìíràn lára fíríwìlì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Sheffield ń ṣe eré kan tí a ń pè ní trials, níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ fò láti orí àpáta kan bọ́ sí òmíràn láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ Sípéènì ni eré náà ti gbilẹ̀, àgbáyé sì mọ̀ ọ́n sí i nígbà tí fídíò Danny MacAskill, ọmọ Scotland, ní ìgboro Edinburgh jáde ní 2009. Ọmọ náà wà nílé fún Iléyá àti Ojúde Ọba ní oṣù Keje ọdún náà, ó sì bá mi dé ìsọ̀ Bàbá. Ó ní lára kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, iwájú ní ìdí pẹ́dàlì ni fíríwìlì wà, kì í ṣe ẹ̀yìn, ó sì ń mú ní ibi 72 nínú yíyí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ka eyín inú èyí tí Bàbá tú sílẹ̀: ogún péré ni. Ìyẹn ni pé tiwa lè yí tó ìwọ̀n igun 18 kí ó tó mú, tiwọn kò ju 5 lọ. Ẹni tí ó dúró ní etí àpáta kò lè gba kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lásán kí irin tó gbọ́. Owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ kò ṣeé sọ létí ẹlẹ́mu. Ọmọ náà gbé fóònù síwájú Bàbá, ó fi fídíò náà hàn án. Bàbá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́jú. Nígbà tí ó parí, ó béèrè pé, “Ẹrù wo ni ó gbé?”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ń fò lórí àpáta àti ẹni tí ó gbé lítà 50 ẹmu ń bẹ irin kan náà fún ohun kan náà, kí ó mú. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́mu tún fẹ́ geere, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìkan ni ibi tí ó ti ń sinmi láàárín oko àti ìlú.

Nínú àpótí Bàbá, kò sí eléyín 20 kan tí ó yege. Tuntun méjì tí ó wà níbẹ̀, fáìlì jẹ wọ́n bí ìgbà tí a bá ń rẹ́ iṣu. Àlòkù kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le bí ó ti yẹ, àmọ́ eyín rẹ̀ ti tẹ̀. N kò sí lára àwọn tí ń sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Àtijọ́ tí a ti lò gbó kò sàn ju tuntun burúkú lọ. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì wò mí. “Èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ Tíṣà ńkọ́?”

Kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú ni bàbá mi gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi ṣe tíṣà ní àwọn abúlé tí ó yí Ìjẹ̀bú-Òde ká. Láti ìgbà tí ó ti kú ní 2004, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni kẹ̀kẹ́ náà wà, a ń nù ún ní ọdún Kérésì. Eléyín 20 ni fíríwìlì rẹ̀. Kì í ṣe tèmi nìkan, nítorí náà mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé o fẹ́ máa tú Bàbá tà ní ẹyọ ẹyọ ni?” Mo ní kí wọ́n má bínú, pé títà kọ́, pé ọkùnrin náà ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, àti pé kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irin líle àti irin rírọ̀. Wọ́n ní èdè mi ti pọ̀ jù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí padà: “Yá a. Má tà á o.”

Títú rẹ̀ gba odindi ọjọ́ kan àti àbọ̀. Òde fíríwìlì ń tú sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, òsì ni ó ń tú sí kúrò lára họ́ọ̀bù, nítorí náà gbogbo ìgbà tí a bá tẹ pẹ́dàlì ni a tún ń fún un mọ́ ibẹ̀ sí i. Kò sí sípánà tí ó dè é tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni, òkè dé òkè, ọdún dé ọdún. Bàbá da kẹrosíìnì sí i ní ìrọ̀lẹ́, ó fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹlẹ́mu di táyà mú ní apá kan, èmi dì í mú ní apá kejì, Bàbá sì ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ irin tí ó fi ń tú u, ó fara tì í. Ó kọ́. Ó tún fara tì í. Ìró kan dún pàà, mo sì rò pé họ́ọ̀bù ni ó ya. Fíríwìlì ni ó tú. Tíréèdì abẹ́ rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gé e, òróró sì ṣì wà níbẹ̀, ó ti ṣú, ó ti ki.

Bàbá tú inú rẹ̀ wò, ó fọ̀ ọ́, ó fi òróró télọ̀ sí i, ó sì dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́mu pẹ̀lú ṣéènì tuntun. Nítorí pé eyín pọ̀ sí i, ó sún táyà ẹ̀yìn síwájú díẹ̀. Èyí tí ó ń yọ̀ ni a dè mọ́ kẹ̀kẹ́ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹrù kankan tí yóò gbé. Bàbá wá fún ẹlẹ́mu ní àṣẹ, ó sì mú kí ó tún un sọ: kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tí ń fọ kẹ̀kẹ́ fi omi líle kọjú sí i, ní ìgbà ọyẹ́, kí ó máa nu eruku rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní ìgbà òjò, kí ó máa fi kẹ̀kẹ́ lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó kán òróró sí ojú àlàfo tí ó wà láàárín irin tí ń yí àti èyí tí kì í yí, kí ó máa yí i padà sẹ́yìn títí ìró rẹ̀ yóò fi yí padà. Bí ìró bá ṣú, kí ó wá kí ó tó gun òkè.

Ó ń ṣe é. Ó ti lo fíríwìlì náà ju ọdún kan lọ báyìí, kò sì tíì ṣubú. Iwájú ilé wa jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí títì, mo sì máa ń gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbàgbé láti béèrè ní òpin ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù: “Fíríwìlì Bàbá ńkọ́?” Bí ó bá bọ́ sí àsìkò tí ẹlẹ́mu ń bọ̀, mo máa ń gbé fóònù sí ojú fèrèsé.